Lọ́yà Ṣàṣìṣe, Oníbàárà Jìyà



Ní ọdún 2007, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá dá ẹjọ́ kan tí kò sí lọ́yà Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n: ẹjọ́ Okafor àti Nweke. Ohun tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn fà kọ́ ló sọ ẹjọ́ náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìbuwọ́lùwé ni. Ẹnì kan fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àwọn ìwé kóòtù kan, orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́yà ló sì wà lábẹ́ ìfọwọ́sí náà, irú orúkọ tó máa ń parí sí “& Co.” Kò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn adájọ́ ní òfin iṣẹ́ agbẹjọ́rò ti là á kalẹ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé orúkọ tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ń tọ́jú nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ lọ́yà. “& Co.” kò lọ sí Law School, kò dé wíìgì rí, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé yẹn. Wọ́n fagi lé gbogbo ìwé tó wà lábẹ́ ìbuwọ́lùwé náà.

Ní 2011, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SLB Consortium pe NNPC, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba, lẹ́jọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé ìpẹ̀jọ́ gan-an, èyí tó bí gbogbo ẹjọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́yà ni wọ́n fi buwọ́ lù ú. Ẹjọ́ ti kúrò ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, ó ti kọjá ní Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, ó ti dé òkè téńté, kí wọ́n tó sọ fún wọn pé kò tiẹ̀ sí ẹjọ́ kankan nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó kóòtù, owó lọ́yà, àlọ àti àbọ̀ ọdún gbọọrọ, gbogbo rẹ̀ wọgbó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó gbé ẹjọ́ wá kọ́ ló mú báírò.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí a jọ ń ṣẹjọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Láyé òde òní, ẹ ó rí ẹni tó ti kóòtù bọ̀ tí kò bínú sí ẹni tó pè é lẹ́jọ́ mọ́, lọ́yà tirẹ̀ gan-an ló di kùnrùngbùn sí. Ọ̀rọ̀ lórí irú ìbínú yìí ni mo mú wá lónìí, mo sì ń bá ẹ̀yin tí ẹ gba lọ́yà àti ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ lọ́yà sọ̀rọ̀ pọ̀, nítorí ohun tí ẹ̀yin oníbàárà kò mọ̀ pé ẹ lè bèèrè ni àwọn kan nínú àwa lọ́yà fi ń jẹun.

Ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn adájọ́ pé kò yẹ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ agbẹjọ́rò fìyà jẹ oníbàárà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ó ní ibi tí òótọ́ yẹn mọ. Ẹni tí Ilé-ẹjọ́ Gíga dá lẹ́bi nínú ẹjọ́ ara ìlú sí ara ìlú ní oṣù mẹ́ta láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bó bá jẹ́ àṣẹ tí adájọ́ pa láàárín ẹjọ́ ni, ọjọ́ 14 péré ló ní. Ká ní lọ́yà sùn lé e lórí tí ọjọ́ kọjá, ó ṣì lè tọrọ àfikún àkókò. Yóò ṣàlàyé ohun tó fa ìdádúró, yóò sì fi hàn pé ẹ̀sùn tó fẹ́ gbé lọ sókè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibí yìí ni àánú wà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìbò kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ẹni tó bá fẹ́ tako èsì ìbò ní ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, kò sì sí adájọ́ tó lè fi wákàtí kan kún un. Ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́ náà ní oṣù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí òfin tó ń dáàbò bo wọn ṣe wí. Bí lọ́yà bá fi fáìlì yín há abẹ́ apá títí oṣù mẹ́ta fi pé, kò sí “Olúwa mi, ẹ dárí jì wá” tó lè jí ẹjọ́ náà dìde.

Ó yẹ ká yanjú ohun kan kí ẹnikẹ́ni tó sáré lọ kọ ìwé ẹ̀sùn. Pípàdánù ẹjọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́yà. Ìhà méjì ló ń wọ kóòtù, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi, lọ́yà ìhà tó jẹ̀bi náà sì lè ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Lọ́yà tó ń fi ọwọ́ sọ̀yà pé “Ẹ lọ sùn, a ti jàre ná” gan-an lẹ yẹ kẹ́ ẹ fura sí. Ohun tí òfin ń bèèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ni ìmọ̀ àti aájò. Ìlànà ìwà iṣẹ́ wa, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2023, sọ pé kí lọ́yà má gba iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, àfi bó bá pe ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ra. Kó múra sílẹ̀ kó tó dìde níwájú adájọ́. Kó má pa iṣẹ́ oníbàárà tì. Kó sì jẹ́ kí oníbàárà mọ ibi tí nǹkan dé. Ìlànà kan náà sọ pé àìbìkítà lè burú débi tí yóò fi di ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, kí oníbàárà mọ ibi tí nǹkan dé, òun ni ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù. Ẹ jẹ́ kí n fi yé yín bó ṣe máa ń rí. Ìyá oníṣòwò kan tí ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ wà ní kóòtù dé ọ́fíìsì lọ́yà láàárọ̀. Kálàkì ní, “Màmá, ọ̀gá ti lọ sí kóòtù.” Ó jókòó dúró. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀: “Bàrísítà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n wá wo bí ọ̀rọ̀ wa ṣe ń lọ ni.” “Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Wọ́n ti sún un síwájú.” “Sí ọjọ́ wo, sà?” “Ẹ ó gbọ́ látọ̀dọ̀ mi.” Ó dúpẹ́, ó sì padà sílé. Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni adájọ́ sún ẹjọ́. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti da ẹjọ́ nù láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn nítorí pé lọ́yà kò yọjú. Ìyá yìí kò ní ọ̀nà láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, nítorí kò rí i pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé, “Bàrísítà, ẹ bá mi kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn wà nínú ìwé kóòtù, ọwọ́ akọ̀wé kóòtù ló wà, ẹni tí ẹjọ́ jẹ́ tirẹ̀ sì lè lọ bèèrè.

Ìbẹ̀rù lọ́yà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1879 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ́nù. Lọ́yà ṣọ̀wọ́n ní Èkó nígbà náà débi pé òfin kóòtù ti 1876 gba àwọn tó mọ ìwé díẹ̀ láyè láti máa gbẹnu sọ fún àwọn ará ìlú ní kóòtù. Ẹni tó lè bá òyìnbó fa òfin lédè òyìnbó níwájú gbogbo èèyàn, ẹni ńlá ni. Mi ò sọ pé ká má bọ̀wọ̀ fún wọn. Mo kàn ń sọ pé ẹ̀yin lẹ gbé iṣẹ́ fún lọ́yà, kì í ṣe lọ́yà ló gbé iṣẹ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó, nítorí ibẹ̀ lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ti máa ń yọ̀. Bí lọ́yà bá gba owó lórúkọ yín, ì báà jẹ́ owó ilẹ̀ tí ẹ tà, owó tí kóòtù ní kí ẹni tó jẹ̀bi san, tàbí owó ogún bàbá yín, owó yín ni. Láti 1964 ni ìlànà ti wà lórí bí lọ́yà yóò ṣe máa tọ́jú owó oníbàárà: àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni yóò wà, ìwé ìṣirò ọ̀tọ̀ ni yóò sì ní. Kò gbọ́dọ̀ da á pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ pé owó ti wọlé, kó sì ṣírò rẹ̀ fún yín. Àwọn kan nínú wa máa ń ro ó pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí àwọn bá fi owó oníbàárà yanjú owó ọ́fíìsì, níwọ̀n bí àwọn bá ti máa dá a padà lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ṣi ìlànà náà kà. Ọjọ́ tí o fọwọ́ kan owó náà láìgba àṣẹ ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹ̀. Dídá a padà lè mú kí ìyà fúyẹ́, kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí lọ́yà ń ṣiṣẹ́ fún náà tún wà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ lọ ra ilẹ̀ ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn tàbí ní Ìkòròdú. Ọmọ onílẹ̀ ní, “Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́yà, a ní lọ́yà ẹbí.” Lọ́yà ẹbí kọ ìwé, ẹ sanwó rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń bá yín wádìí bóyá ẹbí náà ti ta ilẹ̀ ọ̀hún fún ẹlòmíràn? Lọ́yà ẹbí? Ohun tó ń wá fún ẹbí àti ohun tó yẹ kó wá fún yín forí gbárí. Ìlànà ìwà iṣẹ́ kò fẹ́ kí lọ́yà wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn tọ́rọ̀ kàn mọ̀, kí wọ́n sì gbà á tọkàntọkàn. Bákan náà ló rí nínú owó àgírímẹ́ǹtì tí ayálégbé ń san pẹ̀lú kọmíṣọ̀n éjẹ́ǹtì. Ayálégbé ló sanwó, àmọ́ onílé ni lọ́yà náà kọ ìwé fún. Bí ohun kan bá fún yín lọ́rùn nínú àgírímẹ́ǹtì yẹn, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò bá yín kà á kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ó yá, bí lọ́yà bá wá ṣe aburú ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ìgbìmọ̀ tó ń bá agbẹjọ́rò wí, èyí tí gbogbo lọ́yà mọ̀ sí LPDC. Abẹ́ Body of Benchers ló wà, ìyẹn àwọn àgbà iṣẹ́ òfin tí wọ́n ń gba lọ́yà tuntun wọlé. Bí ìgbìmọ̀ yìí bá rí i pé lọ́yà jẹ̀bi, wọ́n lè bá a wí, wọ́n lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì lè ní kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé agbẹjọ́rò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òfin tún fún wọn lágbára láti pàṣẹ pé kí lọ́yà dá owó tó gbà padà, tàbí kó kó ìwé oníbàárà lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹ pàdánù nítorí pé lọ́yà sùn, ìgbìmọ̀ yẹn kò ní dá a padà fún yín. Ọ̀rọ̀ ìwà lọ́yà ni wọ́n jókòó lé lórí.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ pe lọ́yà náà lẹ́jọ́ ní kóòtù pé àìbìkítà rẹ̀ pa yín lára. Òfin iṣẹ́ agbẹjọ́rò, Abala kẹsàn-án, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: lọ́yà kò ní ààbò lọ́wọ́ gbèsè àdánù tí àìbìkítà rẹ̀ bá fà. Bó bá sì mú yín buwọ́ lu ìwé pé ẹ kò ní bi í léèrè, òfo ni ìwé náà, àfi bó bá jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló bá yín ṣe é, tí kò gba kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ti buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀: òfo ni.

Àmọ́ abala kan náà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan sílẹ̀. Ó fi ààbò àtijọ́ kan sílẹ̀ fún ohun tí lọ́yà bá ṣe lójú kóòtù gan-an, nígbà tó ń rojọ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún rẹ̀. Àlàyé wọn nígbà náà ni pé bí lọ́yà bá ń bẹ̀rù pé oníbàárà lè pe òun lẹ́jọ́, kò ní lè sọ òótọ́ fún adájọ́ nígbà tí òótọ́ bá tako oníbàárà rẹ̀. Yóò máa bi gbogbo ìbéèrè tó yẹ àti èyí tí kò yẹ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó gbàgbé ọ̀kan. Àlàyé náà ní làákàyè. Ṣùgbọ́n ní 2000, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn jù ú nù nínú ẹjọ́ Hall àti Simons. Wọ́n ní dókítà náà ń ṣe iṣẹ́ tó nira, síbẹ̀ a ń bi í léèrè. Tiwa ṣì wà nínú ìwé. Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn aṣòfin Àbújá yọ ọ́. Ẹni tó jogún nǹkan láti ọ̀dọ̀ bàbá, tí bàbá fúnra rẹ̀ ti sọ tirẹ̀ nù, kí ló ń pa á mọ́ fún?

Mi ò ní tàn yín jẹ pé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rọrùn. Bí ẹ bá sọ pé lọ́yà ló jẹ́ kẹ́ ẹ pàdánù ilẹ̀ yín, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ ò bá jàre. Ẹjọ́ méjì nínú ọ̀kan nìyẹn: ti ilẹ̀ tó ti kọjá, àti ti lọ́yà. Ẹ tún gbọ́dọ̀ wá lọ́yà mìíràn tí yóò pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́, nínú ìlú tí wọ́n ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láràárọ̀. Ibẹ̀ ni ojú ti máa ń tì wá. Èmi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pe ìyẹn ju ojúsàájú lọ.

Ká má ṣe sọ gbogbo ohun tó bá bí yín nínú di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́yà o. Lọ́yà tó gbèjà olè kò jalè. Ìlànà sọ pé kí ó gba ẹjọ́ ẹni tó bá san owó tó tọ́, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Lọ́yà tó kọ̀ láti dúró fún oníbàárà rẹ̀ ní béèlì kò rorò. Ìlànà ló kà á léèwọ̀ fún un nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Ohun tí ẹ bá sì sọ fún un lórí iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un, òfin ẹ̀rí ti 2011 kò gbà á láyè láti tú u síta láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Àfi bí ẹ bá ní kó bá yín gbìmọ̀ ibi. Ti owó iṣẹ́ náà ní ìlànà tirẹ̀: lọ́yà kò lè ṣàdédé gbé yín lọ sí kóòtù nítorí owó iṣẹ́ láìjẹ́ pé ó ti kọ ìwé owó tó ṣe àlàyé kíkún fún yín, tí oṣù kan sì ti kọjá.

Ó ku ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Ọjọ́ tó le jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí kọ́ ni ọjọ́ tí adájọ́ bá yín wí ní gbangba. Ọjọ́ tí ẹ ṣí fáìlì tí ẹ rí i pé ọjọ́ ti kọjá ni. Oníbàárà kò tíì mọ̀. Ọ̀gá yín kò tíì mọ̀. Ọkàn yóò ní kí ẹ dúró ná, bóyá ọ̀nà kan yóò là. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi dúró yẹn gan-an ló ń pa ẹjọ́, nítorí adájọ́ tó fẹ́ ṣàánú ẹni tó pẹ́ yóò bèèrè ohun tó ṣe láti ọjọ́ tó ti mọ̀ pé òun ti pẹ́. Ẹ pe oníbàárà lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ lọ́yà mìíràn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jókòó kọ ìwé ìbúra tí ẹ ó fi tọrọ àkókò, kẹ́ ẹ jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ pé ọwọ́ yín ló ti wá. Kálàkì yín kọ́ ló ṣàìsàn, kì í sì í ṣe iná mànàmáná ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀sùn, ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò, ìyẹn NBA, tó wà nítòsí yín lè sọ ọ̀nà tí ẹ̀sùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ LPDC fún yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìwé yín pẹ̀lú èébú. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbé iṣẹ́ fún un, iye tí ẹ san àti ọ̀nà tí ẹ gbà san án, ohun tó ṣèlérí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ so ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn, pẹ̀lú ẹ̀rí báǹkì àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tí ẹ jọ fi ránṣẹ́ síra yín. Ẹ tọ́jú ojúlówó sílé.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ owó ìdúró fún ẹni tí wọ́n mú sí àgọ́ ọlọ́pàá la ó gbé yẹ̀ wò, ìdí tí béèlì fi yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́, àti ohun tí ẹ lè ṣe bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sanwó.